Iṣẹ́ Tí A Kò Rán Oògùn: Ọ̀rọ̀ fún Òbí Ọmọdé Tí Ó Ń Lo Oògùn Wárápá

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá lónìí kì í ṣe ti àgbàlagbà tí ó lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí ó ti ń dùn ún, bí kò ṣe ti ọmọdé ọlọ́dún méjì, mẹ́ta, tàbí márùn-ún, tí wárápá ń gbé ṣubú, tí àwọn oníṣègùn sì ti kọ oògùn fún, ṣùgbọ́n tí oògùn náà, bí ó ti ń lé wárápá lọ, ń ṣe oríṣiríṣi nǹkan mìíràn lára ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé púpọ̀, nítorí pé àwa tí a ń po oògùn máa ń rí i, bí àwọn tí ó ń ṣe é tilẹ̀ rò pé a kò rí i. Ìyá á wo ọmọ rẹ̀ tí ó ti máa ń sáré káàkiri àgbàlá, á rí i pé láti ìgbà tí oògùn ti dé, ìdí abọ́ ẹ̀kọ ni ó ń tòògbé sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀ mọ́, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ wá ń wo ènìyàn dùù. Àánú ọmọ á ṣe é, á rọra dé ìgò oògùn náà, á gbé e sí orí kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ojú baba ọmọ kò tó, á sì pa ẹnu mọ́. Nígbà tí ó bá tún padà dé ọ̀dọ̀ dókítà, tí wọ́n bi í bóyá ọmọ ń lo oògùn, á ní ó ń lò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n ìgò tí ó yẹ kí ó ti gbẹ láti oṣù tí ó kọjá, oògùn ṣì dé ọrùn rẹ̀. Èmi kò bá irú ìyá bẹ́ẹ̀ wí. Ẹni tí ó kúnlẹ̀ ìkúnlẹ̀ abiyamọ kò lè máa wo ọmọ tí ó rẹ̀ wẹ̀sì kí inú rẹ̀ máa dùn. Ohun tí mo wá sọ ni pé ẹjọ́ tí ó ní í rò nípa oògùn yẹn, ẹjọ́ gidi ni, ó sì ní ibi tí a ti í rò ó tí wọn yóò bá a tún un ṣe. Ibẹ̀ kì í ṣe orí kọ́bọ́ọ̀dù.

Bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí oògùn wárápá fi ń mú ọmọ sùn, ó dára kí á mọ ìran rẹ̀. Phenobarbital, tí ó pẹ́ láyé ju púpọ̀ lọ nínú àwọn tí a ṣì ń lò káàkiri ilé ìwòsàn ilẹ̀ wa, oògùn oorun ni nígbà tí ó kọ́kọ́ dé. Ní ọdún 1912 ni oníṣègùn ará Jámánì kan, Alfred Hauptmann, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn aláìsàn wárápá tí òun ń fún ní oògùn náà kí wọ́n lè sùn kí ara wọn sì balẹ̀, kì í ṣe oorun nìkan ni wọ́n ń sùn, wárápá tí í máa gbé wọn lemọ́lemọ́ tẹ́lẹ̀ ti ń jìnnà sí ara wọn. Oorun ni a rán oògùn náà. Lílé wárápá ni iṣẹ́ tí ó fi ṣe èènì fúnra rẹ̀. Lónìí a ti yí iṣẹ́ rẹ̀ padà, lílé wárápá ni a ń rán an, ṣùgbọ́n kò gbàgbé iṣẹ́ àkọ́kọ́, nítorí pé dídá ọpọlọ lẹ́kun ni ó fi ń ṣe méjèèjì. Inú ọpọlọ ni wárápá ti ń wá: nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ohun tíntìntín tí ń ránṣẹ́ nínú ọpọlọ bá gbéra lẹ́ẹ̀kan náà láìtẹ̀lé ètò, ojú á yí, ara á le gbandi, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n. Oògùn tí yóò mú irú rúkèrúdò bẹ́ẹ̀ rọlẹ̀ kò lè ṣàì mú ìyókù ọpọlọ rọlẹ̀ díẹ̀. Kì í ṣe pé ẹni tí ó kọ oògùn náà kò mọṣẹ́, kì í sì í ṣe pé ayé ń bá ọmọ náà jà.

Mo mẹ́nu ba ayé nítorí pé mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn odi. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ ìmọ̀ ìṣègùn ọpọlọ di ohun àmúyangàn ní Ìbàdàn Mesí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Ìgbò-Ọrà, ìlú àwọn ìbejì, tí wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1987 ni pé nínú ẹgbẹ̀rún ènìyàn, àwọn tí wárápá wà lára wọn lé ní márùn-ún. Ìlú wo ni ayé yóò máa bá jà tó bẹ́ẹ̀? Àìsàn ni, ó pọ̀, itọ́ ẹnu ọmọ tí ó ń ṣe kì í ràn, àwọn oníṣègùn àgbáyé sì gbà pé bí àyẹ̀wò àti oògùn bá pé, bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó ní i ni wárápá lè má gbé mọ́.

Ṣùgbọ́n oògùn náà kò ní pé bí a bá ń dá a dúró. Bí iná kò bá tán lára aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ọpọlọ tí oògùn ti ń dá lẹ́kun láti oṣù bí mélòó kan, tí ó sì ti gbára lé e, bí a bá yọwọ́ oògùn lójijì, pàápàá phenobarbital yìí, rúkèrúdò tí ó ti lọ sílẹ̀ lè dìde pẹ̀lú agbára tí kò ní tẹ́lẹ̀, kí gìrì máa gun gìrì lórí, kí ọmọ má jí láàárín. Èyí ni ó ń gba ẹ̀mí. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ tẹnu mọ́ ọn pé ìpalára tí oògùn ń ṣe, bí ó ti wù kí ó ni wá lára, kò tó ìpalára tí a ń fi ọwọ́ ara wa fà nígbà tí a bá dá a dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí gìrì bá sì mú ọmọ, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí, ẹ fi nǹkan rírọ̀ tì í lórí, ẹ má ti ṣíbí tàbí ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má sì ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Bí ó bá ti ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ilé ìwòsàn ni.

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ ohun tí òbí lè ṣe. Bí ojú bá farabalẹ̀, á rí imú. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó bá ṣe ọmọ lẹ́yìn tí ó bẹ̀rẹ̀ oògùn ni oògùn mú wá. Ọmọ tí ó ń hu eyín á sunkún, ọmọ tí ibà ń mú á tòògbé, ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta tí a gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ á nà gbalaja sílẹ̀, wárápá ì báà wà, ì báà má wà. Èyí tí ó ń tan òbí jẹ jù lọ ni oorun òwúrọ̀. Ìyá á ní oògùn ni kò jẹ́ kí ọmọ jí dáadáa, bẹ́ẹ̀ wárápá ni ó gbé e lóru nígbà tí gbogbo ilé ti sùn, tí ó sì fi rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Bí ọmọ tí kì í tọ̀ sórí ẹní mọ́ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀, bí itọ́ bá rin ìrọ̀rí rẹ̀ gbingbin, tàbí tí ó fi eyín gé ara rẹ̀ láhọ́n tí kò sì mọ ìgbà tí ó ṣe é, ẹ má tíì dá oògùn lẹ́bi. Ó lè jẹ́ pé oògùn náà kò tó ni, kì í ṣe pé ó pọ̀ jù, ẹni tí ó bá sì tìtorí irú oorun bẹ́ẹ̀ dín in kù, wárápá ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún.

Nítorí náà, ẹ ra ìwé ọmọ iléèwé kan, kí ẹ sì máa kọ ọ́: ọjọ́ wo ni, aago mélòó ni a fún un ní oògùn, báwo ni ó ti pọ̀ tó, aago mélòó ni ó sùn, ìgbà wo ni ó jí, ṣé ó jẹun, ṣé ó bì, ṣé wárápá gbé e, báwo ni ó ti pẹ́ tó. Bí ìyá-àgbà ni ó ń tọ́jú ọmọ tí kò sì mọ̀wéékọ, kí ọmọ ilé tí ó ń lọ sí iléèwé máa bá a kọ ọ́. Fóònù tí a fi ń ya ayẹyẹ, ẹ fi ya ọmọ nígbà tí ó bá ń ṣe bí ó ti ń ṣe. Ọmọ kò lè sọ ọ́, dókítà kò sì bá yín gbé nílé. Ohun tí ẹ bá kọ ni yóò gbọ́. Mo ti rí i tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ tú ohun tí ó ṣòro láti mọ̀ palẹ̀ ju bí ẹ̀rọ olówó ńlá ti lè tú u lọ.

Oorun tí ó jẹ́ ti oògùn nítòótọ́ sábà máa ń wúwo ní ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, tàbí nígbà tí dókítà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún ìwọ̀n rẹ̀; lẹ́yìn náà ó máa ń mọ́ ọmọ lára. Ìdí nìyí tí a kì í fi ìwọ̀n kíkún bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Òbí mìíràn á ní kí ni wọ́n ń fi oògùn bíńtín ṣe, pé kí wọ́n kúkú fún ọmọ ní èyí tí yóò lé wárápá lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún un ní àkókò. Bí oorun bá wá kọ̀ tí kò lọ, ẹ̀bẹ̀ wà tí ẹ lè bẹ dókítà. Phenobarbital máa ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ sì tó o, nítorí náà ó ṣeé fi sí alẹ́ kí oorun rẹ̀ bọ́ sí àkókò oorun. Èyí tí a ń lò ní ẹ̀ẹ̀mejì, dókítà lè ní kí ti alẹ́ pọ̀ ju ti òwúrọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n òun ni yóò pín in, kì í ṣe àwa nínú ilé.

Ohun ìyanu kan tún wà nípa phenobarbital yìí tí ó ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya. Lára àwọn ọmọdé kan, dípò kí ó mú wọn sùn, ṣe ni ó ń sọ wọ́n di aláìsinmi: wọn kò jókòó, wọn kò gbọ́ràn, wọ́n ń bu ẹgbẹ́ wọn jẹ, òru á dé, wọn kò ní sùn. Ará ilé á ní ìyá ti fi àìsàn kẹ́ ọmọ bàjẹ́. Baba á wá pàṣán. Pàṣán kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Oògùn ni ó ń ṣe é, bí a bá sì sọ fún dókítà, ó lè rọra fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì rí ọmọ yín padà. Levetiracetam náà, tí àwọn kan mọ̀ sí Keppra, ó ní ti ìbínú tirẹ̀: kì í fi bẹ́ẹ̀ bá oògùn mìíràn jà, ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí ọmọ máa kanra, kí ó máa sunkún láìnídìí, kí ó máa na àwọn tí ó jù ú lọ. Ẹ fi í sínú ìwé, kí ẹ sì kọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, torí pé bí ìkanra náà bá ti wà kí oògùn tó dé, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

Carbamazepine, tí púpọ̀ nínú yín ń pè ní Tegretol, àti phenytoin, tí Merritt àti Putnam fi han ayé ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1938, bí wọ́n bá pọ̀ jù lára ọmọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní ranlẹ̀, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ó tún lè máa rí ohun kan ní méjì. Ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta kò ní sọ fún yín pé òun ń rí ife méjì. Ẹ óò kàn rí i pé ó ń di ojú kan kí ó tó wo nǹkan, tàbí pé ó na ọwọ́ sí ife, ọwọ́ rẹ̀ sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Phenytoin tún máa ń mú kí erìgì ọmọ wú bo eyín. Fífọ ẹnu láàárọ̀ lálẹ́ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ máa ń dín in kù, ẹ sì jẹ́ kí dókítà eyín máa yẹ̀ ẹ́ wò. Topiramate, òmíràn nínú oògùn wárápá, kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ kan làágùn tó bí ó ti yẹ, nítorí náà nínú ooru ẹ̀ẹ̀rùn, ibi òjìji àti omi mímu ni kí ẹ fi sọ́nà fún un.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀ ni ìdí ìgò, nítorí pé ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní ìwà oògùn, ìwà ọwọ́ wa ni. Oògùn olómi kan wà tí ojúlówó oògùn inú rẹ̀ kò yọ́, ṣe ni ó ń sùn sí ìsàlẹ̀ ìgò. Bẹ́ẹ̀ ni phenytoin àti carbamazepine olómi rí. Bí a kò bá mì ín dáadáa kí á tó dà á, omi rẹ̀ lásán ni ọmọ yóò máa mu ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgò, wárápá á máa gbé e, ìyá á ní oògùn kò ṣiṣẹ́. Nígbà tí ìgò bá wá kù díẹ̀ kí ó tán, ojúlówó oògùn tí ó ti sùn sí ìsàlẹ̀ ni yóò máa mu, á wá máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ìyá kan náà á ní oògùn ti pọ̀ jù. Ẹjọ́ méjèèjì, àìmì ìgò ni ó fà á. Ìkejì ni ṣíbí. Ṣíbí tí a fi ń ro tíì nílé yìí kò dọ́gba pẹ̀lú ti ilé kejì. Sírínjì tí kò lábẹ́rẹ́ ni kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ apoògùn, kí ó fi ìlà tí ẹ óò fà á dé hàn yín, kí ẹ sì rọra tú u sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ, kí ó má baà há a lọ́fun. Ẹ̀kẹta ni pé orúkọ kan náà lè wà lára ìgò méjì kí agbára wọn yàtọ̀. Phenytoin olómi kan wà tí miligíráàmù 30 wà nínú mìlílítà 5 rẹ̀, òmíràn sì wà tí 125 wà nínú mìlílítà 5 bákan náà. Ẹni tí ó bá ra èkejì tí ó sì ń wọn ọ́n bí ti èkíní, ó ti fún ọmọ ní ìlọ́po mẹ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà bí àwọ̀ páálí bá yí padà, ẹ bèèrè kí ẹ tó kúrò níwájú ẹni tí ó tà á. Àwọn oògùn oníhóró kan sì wà tí a ṣe kí wọ́n lè máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ara. A kì í lọ irú wọn, ọmọ kò sì gbọdọ̀ rún un lẹ́nu, nítorí ohun tí ó yẹ kí ó fi wákàtí púpọ̀ gbà ni yóò gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bí oògùn bá korò tí ẹ fẹ́ pò ó mọ́ oúnjẹ, ẹ bu ẹ̀kọ ṣíbí kan tàbí méjì sọ́tọ̀, kí ẹ pò ó mọ́ ìyẹn. Bí ẹ bá dà á sínú odidi abọ́ tí ọmọ kò sì jẹ ẹ́ tán, ta ni ó mọ iye oògùn tí ó kù nídìí abọ́? Ẹ má sì jẹ́ kí òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ mọ ibi tí ìgò wà. Àwọn àgbà ní ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Oògùn olómi òde òní sì dùn ju ẹ̀fọ́ lọ.

Sodium valproate, tí ẹ mọ̀ sí Epilim, ni ó kàn. Ìtàn tirẹ̀ náà dùn. Bí omi tí a fi ń yọ́ nǹkan ni wọ́n ń lò ó ní ilẹ̀ Faransé, kí ó tó di ọdún 1962 tí Pierre Eymard àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí i pé gbogbo oògùn tí àwọn ń fi yọ́ ni ó ń dá gìrì dúró, tí wọ́n wá mọ̀ pé omi yíyọ́ yẹn gan-an ni oògùn. Inú ni ó máa ń da ọmọ rú: á bì, inú á máa run ún. Ẹ fún un lẹ́yìn oúnjẹ, èyí sábà máa ń lọ. Bí ọmọ bá bì kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé lẹ́yìn tí ó gba oògùn, ohun tí àwọn dókítà sábà máa ń sọ ni pé kí a tún un fún un. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, kí a fi í sílẹ̀ di ìgbà tí ó kàn. Ẹ bi dókítà yín léèrè ti oògùn tiyín gan-an. Bí ẹ bá sì gbàgbé lówùúrọ̀, ẹ má fún un ní méjì papọ̀ lálẹ́. Valproate yìí tún máa ń jẹ́ kí ebi máa pa àwọn ọmọ kan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ tí wọn yóò fi sanra, ó sì lè jẹ́ kí irun wọn máa re. Irun náà sábà máa ń hù padà.

Títí dé ibi tí mo sọ ọ́ dé yìí, ohun tí ó lè dúró de ọjọ́ tí dókítà dá ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí kò lè dúró di ọ̀la. Bí ara ọmọ bá sú, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ carbamazepine, lamotrigine, phenytoin tàbí phenobarbital, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà; bí ibà bá wà pẹ̀lú rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ bó, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tàbí tí awọ ara rẹ̀ ń wú bí ẹni tí omi gbígbóná dà lé, ẹ má dúró wá ọkọ̀ tí kò wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí ó ń lo valproate tí ó ń bì ṣáá láìdáwọ́ dúró, tí oúnjẹ kò wù ú, tí ó ń sùn bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò sí nílé, tí funfun ojú rẹ̀ di àwọ̀ ìyeyè, tàbí tí wárápá tí ó ti lọ tún ṣàdédé padà: ẹ̀dọ̀ ni a ń bẹ̀rù, oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ó sì ń ṣẹlẹ̀ jù, lára ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì tàbí mẹ́ta, pàápàá bí oògùn wárápá tí ó ń lò bá ju ẹyọ kan lọ. Bí ara rẹ̀ bá ń dá àpá láìṣubú, tàbí tí imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ ṣáá, ẹ gbé e lọ pẹ̀lú. Nínú irú ọ̀ràn báyìí, dókítà lè dá oògùn dúró lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ó ní ohun tí yóò fi dí àyè rẹ̀ kí gìrì má baà rí ọ̀nà.

Ti pípo oògùn mọ́ oògùn kò ní pẹ́ wa. Ibà ni àlejò tí kì í kanlẹ̀kùn nílẹ̀ wa, bí ó bá sì mú ọmọ tí ó ní wárápá, ẹ sọ fún ẹni tí yóò fún un ní oògùn ibà pé oògùn wárápá báyìí ni ó ń lò. Phenobarbital, phenytoin àti carbamazepine lè mú kí artemether àti lumefantrine, oògùn ibà tí a ń lò jù, tètè jáde nínú ara kí ó tó ṣiṣẹ́ tán. Chloroquine àti mefloquine ní tiwọn lè ru wárápá sókè. Erythromycin tí a fi ń wo ọ̀nà ọ̀fun, bí ó bá pàdé carbamazepine, kì í jẹ́ kí ara tètè yọ ọ́ dà nù, ọmọ tí ó ti ń rìn dáadáa lánàá á wá máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lónìí. Ní ti àgbo ìtọ̀ màlúù tí wọ́n ń po mọ́ ewé tábà fún gìrì, èmi kì í ṣe ẹni tí í pẹ̀gàn ewé ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí ní Ìbàdàn ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó sì ń dá èémí lẹ́kun. Ọmọ tí ẹ rò pé gìrì pa, àgbo náà ni ó lè jẹ́.

Bí ọmọ ti ń dàgbà, tí ó ń wúwo sí i, ìwọ̀n oògùn ọdún tí ó kọjá lè má tó o mọ́. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ. Ẹ sọ fún tíṣà rẹ̀ pẹ̀lú, kí ó má baà ka oorun kíláàsì sí ọ̀lẹ, kí ó sì kọ ohun tí ó rí sínú ìwé yẹn. Ọmọbìnrin tí ó ń lo valproate, bí ó bá ti ń súnmọ́ ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, kí òbí rẹ̀ tún bá dókítà jókòó, nítorí pé oògùn náà lè ba ọmọ jẹ́ nínú oyún, pípààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí kò tíì sí ewu sì dára ju ìgbà tí ọ̀ràn bá ti délẹ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ òbí á bi mí pé títí dìgbà wo. Bí ọdún méjì gbáko bá kọjá tí wárápá kò gbé ọmọ rárá, dókítà lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrò àtidá oògùn dúró; díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa dín in kù, èyí tí ó jẹ́ phenobarbital sì máa ń gba oṣù púpọ̀. Ní gbogbo àkókò náà, kí ọmọ má dá wẹ̀ nínú odò, kí ó má dá wà nídìí kànga tàbí nídìí iná ìdáná. Bí wárápá yóò bá padà, láàárín ọdún kan àkọ́kọ́ ni ó sábà máa ń padà, oṣù mẹ́fà ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ojú sì wà lára ọmọ jù lọ. Oògùn tí ó bá ṣẹ́kù, ẹ má kó o fún ọmọ aládùúgbò tí gìrì mú. Ẹ kó o padà fún apoògùn, kí ó bá yín dà á nù.